Bí ọ̀dọ́ Òkun ṣe lè lé sìgá àti vape jìnnà sí ọmọdé, láìbá ẹnikẹ́ni jà

Ẹ̀yin ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Kabba, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrà àti àwọn ìlú tó wà láàárín wọn nílẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ẹ mọ̀ bí mo ṣe mọ̀ pé èèyàn kì í wá sìgá kiri nílẹ̀ wa. Orí tábìlì tí wọ́n ti ń ta súìtì, gúgúrú àti káàdì ìpè ló wà. Ní gárèjì, ẹ̀gbẹ́ ìgò paraga ló jókòó sí. Vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, àti ṣíṣà, tábà tí wọ́n ń fà gba inú omi, ní tiwọn, inú báàgì àwọn tó ti Àbújá àti Lọ́kọ́jà wá ṣọdún nílé ni wọ́n sábà máa ń bá wọlé, tí ọdún bá sì parí, àwọn kan á fi sílẹ̀ fún àbúrò.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ́de ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rò: kí wọ́n rán fáníìlà kan náà, kí wọ́n kọ "Sìgá ń pani" sára páálí ńlá, kí wọ́n yí ìlú po, kí wọ́n ya fọ́tò. Ìwọ́de ní àyè tirẹ̀, mo máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu sìgá ti mọ̀ pé sìgá ń pani. Ara páálí tó wà lápò rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ni ẹni tó ń tà á fún ọmọdé àti àgbàlagbà tó ń rán ọmọdé lọ rà á. Ìyá wa àti bàbá wa sì ni àwọn méjèèjì, ohun tó mú kí iṣẹ́ náà gba sùúrù nìyẹn.

Ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ wá àgbà kan

Ẹni mẹ́fà sí mẹ́wàá ti tó. Ẹ mú ọkùnrin, ẹ mú obìnrin, kí ẹ sì mú láti kíláàsì tó yàtọ̀ síra, torí àwọn SS3 máa ṣe WAEC, wọ́n á sì lọ. Tí ọmọ kan bá wà tó ti mu sìgá rí tó sì ti jáwọ́, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ipá mú un sọ ìtàn ara rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àgbà tí yóò dúró lẹ́yìn yín. Ó lè jẹ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò, pásítọ̀ tó ń darí àwọn ọ̀dọ́, tàbí áfáà. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ yín náà dára. Wọ́n ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ìlú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń wá ohun gidi tí wọ́n máa fi ọjọ́ náà ṣe ju kí wọ́n máa gé koríko lọ. Àbùkù wọn kan ni pé ọdún kan ni wọ́n ń lò, nítorí náà kí ọmọ ìlú kan wà pẹ̀lú wọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn òbí yín sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọmọdé tó bá dá lọ sọ fún àgbà ní ọjà pé ohun tó ń tà kò dára, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ

Nikotíìnì tó wà nínú tábà ló ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Tí èèyàn bá ti fa èéfín sínú, kò ní pé ìṣẹ́jú kan tó fi máa dé ọpọlọ. Ọpọlọ èèyàn kì í sì í parí ìdàgbàsókè rẹ̀ títí èèyàn fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tètè mú ọmọ ọdún 14 ju bó ṣe ń mú àgbàlagbà lọ. Èéfín sìgá ní kẹ́míkà tó lé ní 7,000, nǹkan bí 70 nínú wọn ló sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé èèyàn tí tábà ń pa lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù 7 lọ. Àwọn tí kò mu ún rí, tó jẹ́ pé èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà símú, wà nínú iye yẹn.

Nọ́mbà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù lọ kéré púpọ̀ sí èyí. Ìwádìí GATS, ìyẹn ìwádìí lórí bí àgbàlagbà ṣe ń lo tábà, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100, kò tó 6 tó ń lo tábà: ìdá 5.6 ni. Láàárín ọkùnrin, ó jẹ́ 10; láàárín obìnrin, ó fi díẹ̀ lé ní 1. Ọmọ tó bá ń sọ pé "ta ni kì í mu ún?", èsì rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa kì í mu ún. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń bẹ̀rẹ̀ torí wọ́n rò pé àwọn nìkan ló kù sẹ́yìn.

Ẹ máa gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan léraléra, nítorí náà ẹ ti múra èsì sílẹ̀.

"Vape kì í ṣe sìgá, omi lásán ni." Kì í ṣe omi. Oje tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń ní nikotíìnì, òmíràn sì lágbára gan-an. Wáyà tó ń gbóná nínú rẹ̀ máa ń tú èérún irin sínú ohun tí wọ́n ń fà. Wọ́n fi adùn máńgò tàbí súìtì sí i kó má bàa ta ọ̀nà ọ̀fun. Bátìrì rẹ̀ lè gbiná nínú àpò. Tí ọmọ kékeré bá sì gbé oje náà mì, májèlé ni.

"Ṣíṣà ń gba inú omi kọjá, omi ti fọ̀ ọ́." Ohun tí omi ń ṣe ni pé ó ń mú èéfín náà tutù, kó lè rọrùn láti fà pọ̀ sí i. WHO ti ṣàlàyé pé ẹni tó bá jókòó ti ṣíṣà fún wákàtí kan lè fa èéfín tó tó ìlọ́po 100 sí 200 ti ẹyọ sìgá kan. Ẹ tún ronú lórí ẹnu kan tí èèyàn márùn-ún jọ ń fà.

"Bàbá àgbà mi ń fín aṣáà, ó sì dàgbà darúgbó." Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bàbá àgbà rẹ̀. Ẹ sọ pé aṣáà náà ní nikotíìnì, pé tábà tí a kò fi iná sí náà ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, kí ẹ sì kọjá síbòmíràn.

Fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró tó dúdú bí èédú, èmi kò gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ kíláàsì JSS2. Àrùn tó máa ṣe é tó bá di ẹni 50 ọdún kò kàn án lónìí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa èémí rẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ ní kó fi iye tó ń ná lórí sìgá lóòjọ́ ṣe ìlọ́po 30, kó wo ohun tí owó yẹn lè rà lóṣù. Ẹ bi í léèrè bó ṣe máa ń rí lára rẹ̀ tó bá jí láàárọ̀ tí kò sì rí i mu. Ìdáhùn tó bá fún ara rẹ̀ ló máa rántí.

Ẹ mọ òfin, ṣùgbọ́n ẹ má fi lérí

Ní 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ń jẹ́ National Tobacco Control Act. Ṣáájú rẹ̀, Nàìjíríà ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn WHO lórí tábà ní 2004, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2005. Ìlànà tó ṣàlàyé òfin náà síwájú sí i jáde ní 2019. Kí gbogbo yín mọ àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí lórí:

- Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni tí kò tíì pé 18 náà kò sì gbọ́dọ̀ tà á.
- Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú páálí sìgá kó máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Sìgá inú páálí kò gbọ́dọ̀ dín ní 20.
- Kò sí sìgá mímu nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ibi ìtọ́jú ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí i nínú ọkọ̀ èrò, ibi ìṣeré ọmọdé, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí.
- Ilé-iṣẹ́ tábà kò gbọ́dọ̀ polówó ọjà rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ ayẹyẹ.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, torí ẹyọ kọ̀ọ̀kan gan-an ni wọ́n ń tà á níbi gbogbo. Òótọ́ ni. Ẹyọ kan ni owó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ká. Kò ní lè ra páálí odindi. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín, a máa padà sí i. Ní ti vape, ẹ lo òfin ilé ẹ̀kọ́, òun ló yá jù lọ́wọ́ yín.

Ẹ rìn, ẹ wò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ mọ ibi tí nǹkan wà. Ẹ ya ìlú tàbí àdúgbò yín sórí bébà: ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́, ọjà, gárèjì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí. Ẹ máa rìn ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, ní ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí aṣọ tó bójú mu. Ìlú tó bá ń ná ọjà rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-márùn-ún, ẹ lọ ní ọjọ́ ọjà, kí ẹ sì tún lọ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, torí àwọn tí ẹ máa bá níbẹ̀ yàtọ̀.

Fún ṣọ́ọ̀bù tàbí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan márùn-ún: ṣé ó súnmọ́ géètì ilé ẹ̀kọ́, ṣé wọ́n ń ta sìgá ní ẹyọ, ṣé ẹ̀gbẹ́ súìtì àti bisikíìtì ni wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí, níbi tí ojú ọmọdé dé, ṣé ọmọdé ló ń bá wọn tà á, ṣé àwòrán ìpolówó tàbí àpótí aláràbarà ilé-iṣẹ́ sìgá wà níbẹ̀. Ẹ fún ibi kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ni í. Bébà tó bá ní orúkọ Ìyá Báyìí-báyìí nínú kò ní pẹ́ dé etí Ìyá Báyìí-báyìí, iṣẹ́ yín sì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ má ra sìgá láti fi dán ẹnikẹ́ni wò. Ẹ má ya fọ́tò ojú ènìyàn. Ẹ má wọ ibi tí wọ́n ti ń mu igbó tàbí tí àwọn ọmọ ìta ń jókòó sí. Ẹ fi àmì sí ibẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, kí ẹ kọjá. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ohun tí ẹ ń kọ, ẹ sọ òótọ́ fún un, kí ẹ sì dárúkọ olùkọ́ tó rán yín.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì péré lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó bá ṣeé ṣe, kí àgbà yín sì wà nítòsí. Ẹ lọ nígbà tí ọjà kò tíì gbóná. Ẹ ra nǹkan kékeré, ẹ̀pà tàbí omi. Ẹni tó ra ọjà ló ń rí etí gbọ́ tirẹ̀. Ẹ kí i dáadáa kí ẹ tó sọ nǹkan kan.

Báyìí ni ó lè rí:

— Òkun o, mà. Ẹ kú ọjà.

— Òkun o, ọmọ mi. Ṣé kò sí o?

— Kò sí, mà. Ilé ẹ̀kọ́ ló rán wa. A ní ẹgbẹ́ kan tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì wa bẹ̀rẹ̀ sìgá. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀ yín.

— Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Ṣé kí n má ta ọjà mi mọ́ ni? Ta ló máa bá mi san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ?

— Rárá, mà. A ò ní kí ẹ má tà á fún àgbàlagbà. Àwa ọmọdé là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Tí ọmọ tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tàbí ọmọ tó bá dà bí àbúrò wa yìí, bá wá rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún un, kódà tó bá ní wọ́n rán òun ni.

Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó lè ní, "Tí mi ò bá tà á, ẹni tó wà níwájú á tà á." Òótọ́ ni ó sọ, ẹ má jiyàn, ẹ sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níwájú lẹ ń lọ báyìí, kí ẹ sì lọ lóòótọ́, níṣojú rẹ̀. Ó tún lè ní, "Òbí ọmọ náà ló rán an, ṣé kí n lé e ni?" Ẹ sọ fún un pé kó ní kí òbí wá fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́: kó má tà á fún ọmọdé, kó gbé páálí sìgá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì lọ sẹ́yìn tàbí sísàlẹ̀, kó má jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ tó ń bá a jókòó tà á. Èyí tó ṣìkejì ni wọ́n tètè máa ń gbà, torí kò ná wọn ní nǹkan kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ bá rí i pé ojú rẹ̀ ti ń le.

Ní ti títà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má bá ẹnì kan ṣoṣo sọ ọ́. Òfin wà lẹ́yìn yín, ṣùgbọ́n inú ẹyọ yẹn ni èrè rẹ̀ wà, kò sì sí ìyá tó máa gbà kí ọmọ ọdún 15 wá gé èrè òun kù nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ṣì ń tà. Ọ̀rọ̀ gbogbo ọjà ni, ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà àti ààfin ló yẹ kó gbà.

Tí ẹnì kan bá pariwo mọ́ yín, "Ẹ ṣé, mà" ni kí ẹ sọ, kí ẹ máa lọ. Àwọn àgbà ló sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ kò wá yọ ọfà.

Tí àgbà bá rán ọmọ ní sìgá

Kò sí ohun tó le nínú iṣẹ́ yìí tó èyí. Wọ́n tọ́ wa pé tí àgbà bá ránni níṣẹ́, ká dìde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí àbúrò bàbá rẹ̀ fún lówó pé "lọ ra igi kan wá, kí o bá mi ṣáná sí i" kò mọ ibi tó lè gbà kọ̀ tí kò ní dà bí ẹni tó ya aláìgbọràn. Ẹlòmíràn nínú àwọn tó ń ṣáná sí i yẹn, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sẹ́nu.

Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé. Tí ìyá tó ń tajà bá ti kọ̀ láti tà á fún ọmọdé, ọmọ náà kò nílò kó kọ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Á lọ, á padà wá, á da owó náà padà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní àwọn ò lè tà á fún ọmọdé, pé kí ẹ wá fúnra yín." Kò rí ẹnikẹ́ni fín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ẹni tó ń tà á ṣíwájú.

Ṣùgbọ́n títí ìyẹn á fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè sọ. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán mi ní nǹkan mìíràn, màá sáré lọ." "Tíṣà wa ní òfin ò fẹ́ kí ọmọdé ra sìgá, mi ò fẹ́ kí wọ́n mú yín." Èyí kejì yẹn máa ń pa àgbà lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì máa ń tú ìbínú. Ẹ fi ṣe eré ní kíláàsì: kí ẹnì kan ṣe bàbá, kí ẹnì kan ṣe ọmọ, kí wọ́n pààrọ̀. Ẹnu ọmọ kì í yọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé tí kíkọ̀ bá máa di ẹgba, kí wọ́n má kọ̀. Kí wọ́n sọ fún olùkọ́ tàbí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fọkàn tán. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Àwọn bàbá ní tiwọn, ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ ni kí ẹ ti bá wọn sọ ọ́, kí àgbà yín sì ni kó gbé e kalẹ̀. Ọkùnrin bí tiwọn ni kó sọ ọ́, tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ti mu ún rí.

Nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́

Ẹ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣe àdéhùn kan kí ẹ tó dúró níwájú àwọn ọmọ: ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ jáwọ́ kò ní jẹ ìyà. Tí kò bá gbà, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá jẹ́wọ́. Ẹ má sì di àmí tó ń tú báàgì ọ̀rẹ́. Vape mìíràn jọ bírò tàbí fláàṣì kọ̀ǹpútà, kí àwọn olùkọ́ mọ̀ bó ṣe rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn olùkọ́ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ jáwọ́, ẹ ṣàlàyé fún un pé ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù: orí fífọ́, ìbínú, àìsùn, àìlèjókòó jẹ́ẹ́. Òùngbẹ sìgá á máa dé, á máa lọ, kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, kó mu omi, kó rìn, kó jẹ nǹkan, kó pe ọ̀kan nínú yín. Kó gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé tí kò ní kọjá níbi tó ti ń rà á. Tó bá bọ̀ sẹ́yìn, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jáwọ́ ti gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ẹ mú ìwé kan lọ sí ààfin

Tí bébà ìwòye yín bá ti pé, ó tó àkókò láti lọ sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà, lẹ́yìn náà ààfin: Ọbaro ní Kabba, Agbana ní Ìsánlú, Elulu ní Mọ̀pà, tàbí baálẹ̀ abúlé yín. Ẹ kò ní dédé wọlé síbẹ̀. Àgbà yín ló máa lọ bá olóyè kan kó lè bá yín gba ọjọ́, ẹ sì máa tẹ̀lé ìlànà ààfin lórí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Kí ìwé yín má ju ojú ewé kan lọ, kí ohun tí ẹ ń béèrè sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

*Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìlú yìí rìn yí ọjà àti àdúgbò ká pẹ̀lú àṣẹ àwọn olùkọ́ wa. A rí ibi [iye] tí wọ́n ti ń ta sìgá. Ní [iye] nínú wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á. Ní [iye], ọmọdé ló ń bá wọn tà á. [Iye] súnmọ́ géètì ilé ẹ̀kọ́. Òfin Nàìjíríà ti 2015 kò fàyè gba títà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì fàyè gba títà ní ẹyọ. A kò mú ẹjọ́ ẹnikẹ́ni wá. A ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Kábíyèsí rán akéde jáde ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ta tábà fún ọmọdé mọ́ ní ìlú yìí.*

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀: ẹ̀sùn, ìhalẹ̀, orúkọ. Akéde tó bá lu agogo lórí ọ̀rọ̀ kan, ìlú ti gbà á bí òfin, kódà ẹni tí kò gbọ́ nípa Àbújá rí. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀ka ìlera, kí ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín.

Tí ìlú yín bá ń ṣe ọjọ́ ìlú tàbí ayẹyẹ iṣu tuntun bíi ti Ògìdì, ẹ rán ìgbìmọ̀ létí pé òfin kò gba kí ilé-iṣẹ́ tábà ṣe onígbọ̀wọ́. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba owó, ẹnu yín kò ní dùn mọ́ wọn.

Ìwọ́de, rédíò, fóònù

Oṣù Karùn-ún ló dára jù. Ọjọ́ 27 rẹ̀ ni Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní Nàìjíríà, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti ń yan níwájú àwọn aláṣẹ. Ọjọ́ 31 rẹ̀ ni Ọjọ́ Àìlo Tábà Lágbàáyé. Nígbà náà ni kí ẹ gbé páálí yín jáde. Ẹ kọ ohun tí ìlú ti gbà sára rẹ̀: "Ìyá wa kò ta sìgá fún ọmọdé mọ́." Inú ìyá tó bá kà á á dùn, ẹni tí kò tíì gbà á á tì í lójú díẹ̀.

Rédíò, bíi Prime FM ti Radio Nigeria ní Lọ́kọ́jà, ẹ kọ ìwé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Tí wọ́n bá gbà yín, ẹ sọ èdè ilé yín, Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀. Ìyá tó wà lóko gbọ́ ọ ju Yorùbá inú ìwé lọ. Lórí WhatsApp àti TikTok, eré kúkúrú nípa ọmọ tí wọ́n rán ní sìgá dára ju ìwàásù. Ẹ má ṣe é kí ẹni tó ń mu sìgá nínú eré náà dà bí akọni. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, NFVCB, ti kéde ní 2024 pé àwọn kò ní gbà á mọ́ nínú fíìmù, fídíò orin àti eré kúkúrú.

Owó ni ẹ máa ṣọ́ra fún jù. Tí ẹnikẹ́ni bá wá pẹ̀lú fáníìlà, ìwé kíkà tàbí owó ọkọ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Ilé-iṣẹ́ sìgá máa ń fẹ́ràn láti bá ọ̀dọ́ ṣe ètò "má mu sìgá kí o tó dàgbà", èyí tó ń sọ fún ọmọ pé tó bá dàgbà, ó lè mu ún. Ẹ má gbà á. Ààyè tún wà láti fi ẹjọ́ sun: FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló kéde ní Oṣù Kejìlá 2023 pé ilé-iṣẹ́ sìgá British American Tobacco ní Nàìjíríà gbà láti san owó ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là. Tí ẹ bá rí pátákó ìpolówó sìgá lójú pópó, àwọn ni kí àgbà yín kọ̀wé sí. Ẹ má pe FCCPC nítorí ìyá tó ń ta ẹ̀pà.

Ẹ padà lọ wò

Ní ìparí táàmù, ẹ gbé bébà àkọ́kọ́, ẹ lọ sí àwọn nọ́mbà kan náà, ẹ tún béèrè ìbéèrè márùn-ún náà. Níbi tí páálí sìgá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì, ẹ yà síbẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ ra ẹ̀pà. Níbi tí kò tíì yí padà, ẹ tún kí wọn, ẹ tún bẹ̀bẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn sọ fún ẹlòmíràn. Ẹ mú iye tuntun náà padà lọ fún Ìyálọ́jà àti ààfin, kí wọ́n rí i pé akéde wọn ṣiṣẹ́, tàbí pé ó yẹ kó tún jáde.

Kí SS3 tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, ẹ kó bébà méjèèjì, ẹ̀dà ìwé ààfin, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti nọ́mbà fóònù àgbà yín sínú fáìlì kan, kí ẹ gbé e fún ọmọ SS1 tó máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ìyá tó ń tajà mọ ojú rẹ̀.